A ó gbọ́ ohùn ìyá

Ẹja Titus mẹ́rin, odindi adìyẹ kan, àti ẹ̀fọ́ tí àǹtí mi ti rò sílẹ̀ sínú ike márùn-ún: gbogbo rẹ̀ ni mo bà jẹ́ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù kejì ọdún 2025. Ẹni tó bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ nínú ilé ìdáná gbọ́dọ̀ pa fíríìjì. Ariwo rẹ̀ ti mọ́ etí wa lára débi pé a kì í gbọ́ ọ mọ́, ṣùgbọ́n máíkì kì í gbójú fo nǹkan kan. Olùkọ́ wa ti kọ́ wa ní ọgbọ́n kan tí àwọn agbóhùnsílẹ̀ máa ń dá: kí o tó pa fíríìjì, ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ sínú rẹ̀. O ò ní lè wakọ̀ lọ sílé láìṣí i, o ò sì ní gbàgbé láti tàn án padà. Ọgbọ́n yẹn dára. Àmọ́ mọ́tò ẹnìkejì mi la gbé lọ, èmi ò ní mọ́tò, àwa méjèèjì ò sì rántí.

Aago méje àárọ̀ ni àǹtí mi pè. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé torí fíìmù rẹ ni ilé mi ò ṣe ní jẹun mọ́ ni?"

Orí fóònù ni mo ti kúnlẹ̀.

Òkè-Àdó ní Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti wà ní yunifásítì kan níbí ní ìpínlẹ̀ Georgia, tí mò ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù. (Bàbá mi ṣì ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́.) Iṣẹ́ àṣekágbá wa ni pé kí a pín ní méjìméjì, kí a ṣe fíìmù ìtàn òótọ́ tí kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ọmọ Montgomery ní Alabama ni ẹnìkejì mi, aláwọ̀ dúdú tí baba ńlá rẹ̀ kò mọ ibòmíì ju Amẹ́ríkà lọ. Òun ló ní kí a ṣe é lórí ìlera aboyún àti abiyamọ aláwọ̀ dúdú. Kí n má purọ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ tiwọn ni, pé kò kan àwa tá a fi ọkọ̀ òfuurufú wá. Ó wá ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi ìṣirò CDC hàn mí, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà níbí ní Atlanta. Lọ́dún 2023, nínú 100,000 ọmọ tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú bí láàyè, ìyá 50.3 ló kú. Ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 14.5. CDC kan náà ló sọ pé èyí tó ju mẹ́rin lọ nínú ikú márùn-ún bẹ́ẹ̀ ló ṣeé dènà.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí àǹtí mi, àbúrò màmá mi, tó ń gbé lápá Stone Mountain. A mọ̀ nínú ẹbí pé "ara rẹ̀ ò yá díẹ̀" lẹ́yìn tó bímọ lọ́dún 2021. Gbogbo ohun tí a mọ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìbàdàn fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nígbà tó gbọ́. Ó ní ṣé Amẹ́ríkà ni mo wá ń káàánú. Òótọ́ ni: àjọ ìlera àgbáyé fojú bù ú pé ní Nàìjíríà, lọ́dún 2023 yẹn náà, ìyá 993 ló ń kú nínú 100,000 ìbímọ. Ìyẹn sún mọ́ ìlọ́po ogún ti aláwọ̀ dúdú ibí. N ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń pa abiyamọ níbi tí kò ti sọ́nà, tí kò síná, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà sí i lára, ọmọdé mọ ohun tó fà á. Èyí tó ń pa á níbi tí gbogbo ẹ̀rọ pé sí, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti ń pariwo pé nǹkan ń ṣe òun, ìyẹn ni kò yé mi.

Àǹtí mi kọ̀ jálẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní kí n má gbé kámẹ́rà wọ ilé òun, ó ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa fi òun ṣe ọ̀rọ̀ sọ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Màmá mi bá mi bẹ̀ ẹ́ láti Ìbàdàn, kò gbọ́. Ohun tó yí i lọ́kàn padà kò wá látọ̀dọ̀ mi. Lọ́jọ́ Sunday kan, wọ́n pe aboyún kan jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Wẹ́rẹ́ báyìí ni! A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ!" Gbogbo wa ṣe àmín bí ẹní máa wó òrùlé. Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, àǹtí mi kò sọ̀rọ̀ rárá títí a fi já sí Memorial Drive. Ó wá ní, "Wọ́n gbọ́ ohùn mi o. Wọ́n gbọ́ ọ kedere. Wọn ò kàn dá a lóhùn ni." Ó sún ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. "Sátidé ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ ò gbọdọ̀ ya yàrá mi."

Ilé ìdáná la wá lò. A pa fíríìjì (ẹ ti mọ ìyókù), a pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, mo so máíkì kékeré mọ́ ọrùn búbá rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ọmọ náà, lóṣù kẹwàá ọdún 2021. Ọjọ́ kẹta wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ìyá àgbà ni ì bá wá wẹ ọmọ, ìyẹn ìyá òun àti màmá mi, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá ìwé físà rẹ̀ padà. Torí náà, kò sí ẹni tó fi omi gbígbóná jó ara fún abiyamọ, kò sí ẹni tó ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Ọjọ́ kẹjọ pé, wọ́n kó ọmọ jáde. Èrò ọgọ́ta, aṣọ ẹbí aláwọ̀ ewé, ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín, oyin, iyọ̀, orógbó. Gbogbo wọn ń wọlé, wọ́n ń jáde: "Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ kú ewu." Wọ́n fọ ìkòkò, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n lọ. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tó fi gba ọ̀nà Texas lọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ.

Mo ti gbọ́ "ẹ kú ewu ọmọ" láti kékeré, n ò tíì fìgbà kan gbé e yẹ̀ wò. Ewu lórúkọ tí àwọn baba wa pè é, wọn ò fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń kí i lónìí, bí ẹni pé ewu ọ̀hún ti bá ẹ̀yìnkùnlé jáde ni. CDC yẹ àwọn ikú tó jẹ mọ́ oyún láti 2017 dé 2019 wò fínnífínní: 53 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ keje ìbímọ títí dé ọdún kan. Ọjọ́ kẹjọ ni àwa ń kó ọmọ jáde.

Ó pe ọsibítù. Wọ́n bi í bóyá ó ń sùn, ó ní rárá, wọ́n ní abiyamọ wo ló ń sùn, kó lo oògùn ẹ̀fọ́rí, kó mu omi. Lọ́jọ́ kejì ó tún pè, ẹlòmíì gbé e, ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí iṣu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan tó ń tàn yanran yanran níwájú ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé ọmọ sẹ́yìn mọ́tò, ó wa ara rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀, àìsùn ni, kó lọ sinmi.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó gbé ọbẹ̀ wá fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó wo ojú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò gbé ọbẹ̀ náà kalẹ̀ tó fi padà lọ mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú mọ́tò. 192 lórí 118. Ó tún un wọ̀n. Kò sọ̀rọ̀. Ó gbé ọmọ, ó ní, "Ó yá, dìde." Ọsibítù mìíràn ló gbé e lọ, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wọn títí tí ẹnìkan fi dá a lóhùn. Wọ́n fa magnesium sí i lára kí gìrì má baà mú un. Àǹtí mi ní bó ṣe ń wọ inú iṣan òun, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ti òun sínú ààrò. Ó lo ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀. Àwa nílé gbọ́ pé "ara rẹ̀ ò yá díẹ̀".

Nígbà tó parí, mo ní kó jọ̀wọ́, kí gbogbo wa dákẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí n gba ìdákẹ́jẹ́ ilé náà sílẹ̀. A máa ń nílò rẹ̀ láti fi dí àlàfo nígbà tá a bá ń gé ọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ lérán. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá pọ̀ gan-an.

Ibi tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ nìyí. Ohun kan wà tí àǹtí mi sọ, tó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ní ọsibítù àkọ́kọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì bi í pé láti orí òdo dé orí mẹ́wàá, báwo ni ìrora rẹ̀ ṣe tó. Ó ní márùn-ún. "Ṣé mẹ́wàá kọ́ ni ẹni tó ń kú lọ? Èmi ṣì ń sọ̀rọ̀." Nígbà tí dókítà sì wọlé tó ní báwo ni, ó ní, "Fine, thank you." Torí pé wọ́n kí i. Ta ni wọ́n máa kí tí kò ní dáhùn?

Ẹnìkejì mi ní kí a gé e dànù. Ó ní gbogbo ẹni tó bá wò ó yóò sọ pé, ẹ wò ó, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, kò sọ̀rọ̀ sókè. Mo ní kò sẹ́ni tí à ń gé kiní yẹn fún, ó gbọ́dọ̀ dúró, torí obìnrin Yorùbá mélòó ló máa rí ara rẹ̀ níbẹ̀! Ó ní èmi ò mọ ìtàn ilẹ̀ tí mo wà. Ọjọ́ mẹ́ta la ò fi bá ara wa sọ̀rọ̀, yàtọ̀ sí "ó kàn ẹ́ láti lo kọ̀ǹpútà".

Nígbà tó padà bá mi sọ̀rọ̀, ìtàn ìlú rẹ̀ ló sọ. Ní Montgomery, láàárín ọdún 1840 sí 1850, dókítà kan tó ń jẹ́ J. Marion Sims ń fi àwọn ẹrúbìnrin dánra wò. Ó ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn láìlo oògùn tó ń pa ara kú. Orúkọ mẹ́ta ló kù sílẹ̀: Anarcha, Lucy, Betsey. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún Anarcha nìkan tó ọgbọ̀n. Wọ́n gbé ère Sims kalẹ̀ ní New York, kò kúrò níbẹ̀ títí di 2018. Lọ́dún 2021, obìnrin oníṣẹ́ ọnà kan, Michelle Browder, gbé ère àwọn obìnrin mẹ́ta náà dìde ní Montgomery, irin àlòkù ló fi ṣe wọ́n, wọ́n ga ju ènìyàn lọ dáadáa. Ẹnìkejì mi ní láti ìgbà Sims ni wọ́n ti pinnu pé ìrora wa ò tó ìrora, yálà a pariwo tàbí a ò pariwo. Ó rán mi létí Shalon Irving, onímọ̀ ìṣègùn ará ìlú tó ń ṣiṣẹ́ ní CDC gan-an, tó gboyè ọ̀mọ̀wé. Ó bímọ níbí ní Atlanta ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ó padà lọ bá àwọn elétò ìlera léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru pa á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ. Serena Williams, ìlú mọ̀ọ́ká agbá tẹníìsì, mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ máa ń dì nínú ara òun. Ó sọ àyẹ̀wò tí òun fẹ́ fún nọ́ọ̀sì lọ́dún 2017 yẹn, nọ́ọ̀sì rò pé oògùn ìrora ló ń dà á láàmú. Ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lóòótọ́. "Àwọn wọ̀nyí sọ̀rọ̀," ni ẹnìkejì mi wí. "Ṣé wọn ò sọ̀rọ̀ tó ni?"

N ò rí èsì fún un. Síbẹ̀ n ò gbà pé kí a gé e. Àǹtí mi fúnra rẹ̀ ló tú wa sílẹ̀, láìmọ̀. Ó ṣì ní ìwé owó fóònù ti ọdún 2021, obìnrin tí kì í sọ ìwé kankan nù ni. Àwọn ìpè náà wà níbẹ̀ tòun ti aago àti iye ìṣẹ́jú. Àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Èkejì, mẹ́rin. Nínú fíìmù, ó sọ "Fine, thank you", ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ìwé yẹn bo ojú àwòrán fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, kò sí orin, ìdákẹ́jẹ́ ilé ìdáná rẹ̀ nìkan la fi sí i. Mo rò pé òun ni ohun tó dáa jù tí a ṣe. Ẹnìkejì mi ṣì rò pé ẹ̀rín náà ti gùn jù.

Olùkọ́ wa bi wá bóyá kì í ṣe pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni, bí ohun tí a jogún. Èyí rọrùn láti dáhùn. Lọ́dún 1997, àwọn dókítà méjì, Richard David àti James Collins, fi ìwọ̀n àwọn ọmọ tuntun wéra ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ọmọ àwọn ìyá tí wọ́n bí sí Áfíríkà wúwo ju ti àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ó sún mọ́ ti àwọn aláwọ̀ funfun. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, àwa tó ti orísun wá ni ì bá burú jù fún.

A tún rìnrìn àjò lọ sí Albany, ní gúúsù Georgia. Lọ́dún 1953, ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀ yìí gbé fíìmù kan jáde láti fi kọ́ àwọn agbẹ̀bí, agbẹ̀bí aláwọ̀ dúdú kan ní Albany, Mary Coley, ni wọ́n sì tẹ̀ lé káàkiri. Ó ti gbẹ̀bí ọmọ tó lé ní 3,000. Ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ti fi fíìmù náà sára àwọn tí wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó parẹ́, láti 2002. Ẹnìkejì mi rí ìyá àgbà kan tó ní ọwọ́ Coley ni wọ́n bí òun sí. A gba ọ̀nà 75, a yà ní Cordele, igi pecan lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀fúùfù ọjọ́ yẹn ba ìdajì ohùn tí a gbà jẹ́. Ní Georgia, nínú kántì 159 (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa), ó tó ìdajì tí kò ní dókítà aboyún kankan, a sì la mélòó kan kọjá, ilé epo àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan là ń rí.

Ìyá àgbà náà ò rántí ìbí tirẹ̀, ta ló ń rántí? Ti àbúrò rẹ̀ ló rántí. Ó ní agbẹ̀bí gbẹ̀bí tán, ó lọ. Ó tún padà wá. Ó fọ aṣọ, ó dáná, ó tẹ ikùn ìyá wò. Ó tún padà wá. Ìgbà mẹ́ta ló sọ "ó padà wá", ẹ̀fúùfù gbé méjì lọ. Ẹyọ kan tó kù ló wà nínú fíìmù.

Oṣù kẹrin ni wọ́n fi iṣẹ́ wa hàn, nínú ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kọkànlá dé ọjọ́ kẹtàdínlógún, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ níbí fún ìlera abiyamọ aláwọ̀ dúdú. Àǹtí mi wé gèlè tó ga débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní láti sún ìjókòó. Nígbà tó dé ibi "Fine, thank you", òun nìkan ló rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn.

Lóṣù karùn-ún, wọ́n pè wá síbi ìkómọ kan ní Snellville. N ò gbé kámẹ́rà dání. Àǹtí mi ní tirẹ̀ gbé báàgì ńlá kan. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, tí gbogbo ènìyàn ń kí abiyamọ kú ewu, ó jókòó tì í lórí àga, ó yọ ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ká apá búbá léèsì rẹ̀ sókè. Bàbá àgbà kan ní ṣé ìkómọ la wá ṣe àbí ọsibítù. "Ẹ máa jẹun yín lọ, sà," ni àǹtí mi wí, kò wojú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń kùn, ó dúró. 128 lórí 82. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ètò ìkómọ, ó kọ ọjọ́ sí i, ó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó ní òun ń padà bọ̀ ní Wednesday.